Peace lily ní Àgbádárìgì: omi ló fẹ́, kì í ṣe omi oníyọ̀

Peace lily, òdòdó inú ìkòkò tí èèyàn ń tọ́jú nínú ilé, kì í fi òùngbẹ pamọ́. Tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá gbẹ, gbogbo ewé rẹ̀ á wó yí ẹnu ìkòkò ká bí aṣọ tútù lórí okùn. Tí ẹ bá bomi rin ín, láàárín wákàtí mélòó kan á tún ti gbórí sókè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé kò ṣòro tọ́jú, pé ẹni tó bá ti lómi ti lódòdó. Ní Àgbádárìgì, omi yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ọ̀pọ̀ kànga tó sún mọ́ etí omi sì ní iyọ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀, òdòdó yìí kì í fara da iyọ̀.

Orúkọ rẹ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe lílì rárá, ìbátan kókò ni. Inú igbó tútù Kòlóńbíà àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tó ti ń hù lábẹ́ igi ńlá lẹ́bàá odò. Ohun funfun tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Àwọn òdòdó gidi ni kóró wẹ́wẹ́ tó bo ọ̀pá kékeré àárín rẹ̀. Bíi kókò tí kò jinná, ewé àti igi rẹ̀ ń yún ni lẹ́nu àti lọ́fun. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rá kò ti ní tó o, kí ológbò àti ewúrẹ́ má sì rí i jẹ. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ fi omi tútù fọ ẹnu rẹ̀. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á létí títì ya ọ̀rá dúdú tí wọ́n gbìn ín sí ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ rí gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó dáa funfun tàbí kó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì le. Èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn bí àbàtà, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ewé wò, pàápàá ibi tí ewé ti so mọ́ ìdí, bóyá ohun funfun bí òwú wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí òdòdó púpọ̀ kó sí yín lójú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbìn ín fún títà ló máa ń fín oògùn kan tó ń jẹ́ gibberellic acid sí i kó lè yọ òdòdó pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá dé ilé tí òdòdó wọ̀nyẹn gbẹ, ó lè pẹ́ gan-an kó tó tún yọ òmíràn. Àwọn tó rà á á rò pé àwọn ló ṣe é níṣekúṣe. Èyí tí ewé rẹ̀ pọ̀, tí ewé tuntun sì ń tú jáde láàárín, ló sàn láti rà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó ń fọ atẹ́gùn inú ilé mọ́. Ìwádìí NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, inú àpótí tí wọ́n sé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Nínú pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìkòkò kan ò lè ṣe nǹkan gidi kan sí atẹ́gùn. Ẹ rà á torí ẹwà rẹ̀.

Ilẹ̀ ìdí rẹ̀

Ẹ má kàn bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú ìkòkò. Erùpẹ̀ etíkun, yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi á kàn gbà á kọjá bí asẹ́. Ẹrẹ̀ àbàtà nìkan náà kò dáa, torí yóò dì bí amọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè dé gbòǹgbò. Ohun tí òdòdó yìí ń fẹ́ ni ilẹ̀ tó dà bíi kànrìnkàn tí wọ́n ti fún: ó rin, àmọ́ omi ò dúró nínú rẹ̀.

Èèpo àgbọn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì wà ní Àgbádárìgì kò ní láti rà á. Níbi tí wọ́n bá ti ń bó àgbọn, òkìtì rẹ̀ wà níbẹ̀, iná ni wọ́n sábà máa ń fi dá. Ẹ mú èyí tó ti gbẹ dáadáa, ẹ fi àdá gé e wẹ́wẹ́, kó má tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Ẹ má gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, òun ló ń mu omi dúró. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò fún ọjọ́ kan. Omi náà á pọ́n bíi tíì. Ẹ dà á nù, ẹ rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, títí omi ọ̀hún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Iyọ̀ inú èèpo ni ẹ ń fọ̀ kúrò. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, láàárín oṣù méjì ẹnu ewé á ti máa jóná, òun á sì máa di ẹ̀bi ru oòrùn. Èèpo tí wọ́n ti rì sínú ọ̀sà, ẹ má lò ó rárá.

Fún ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 15 cm: ife mẹ́rin èèpo àgbọn, ife méjì ilẹ̀ dúdú tó wá láti abẹ́ ewé tó ti jẹrà, ife kan yanrìn odò, àti ìdajì ife èédú tí wọ́n fọ́ bí ẹ̀wà. Yanrìn etí òkun kò sí nínú rẹ̀, kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ló máa pinnu iye: ẹ pò ó, ẹ bomi sí i, kí ẹ fún un lọ́wọ́. Bí ó bá dì mọ́ra tí kò tú, ẹ fi èèpo kún un. Bí ó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ dúdú kún un.

Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò mẹ́ta ó kéré tán nísàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka ọwọ́. Ẹ fi àjákù àwọ̀n ẹ̀fọn bo ihò náà kí ilẹ̀ má baà jò. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kò wúlò: ilẹ̀ kì í fẹ́ jọ̀wọ́ omi rẹ̀ fún òkúta, òkè òkúta náà ni omi á dúró sí, gbòǹgbò á sì rà níbẹ̀. Ẹ gbìn ín débi tó wà nínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rì í jù, ìdí ewé á jẹrà.

Omi

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi kànga tàbí bóòhóòlù yín wò. Bí iyọ̀ bá wà lẹ́nu, bí ọṣẹ kì í bá ho nínú rẹ̀, tàbí bí ó bá ń fi ẹ̀fun funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù, kò dáa fún òdòdó yìí. Sísè kò ràn án lọ́wọ́: omi ló ń fò lọ, iyọ̀ dúró síbi tó wà. Omi tó ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bu tòkè, kí ẹ sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù. Omi tí wọ́n fi oògùn sí náà, kó sùn mọ́jú nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣí.

Omi òjò ló dáa jù. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọ òrùlé kí ẹ tó gbe nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò 15 cm kan ń mu nǹkan bí ìdajì lítà nígbà kan, ìyẹn omi ọ̀rá kan. Bí ẹ bá bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lítà 5 ni lóṣù. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan tí ẹ kún ní oṣù kẹwàá kí òjò tó dáwọ́ dúró yóò gbé ìkòkò kan dé oṣù kẹta. Ẹ de ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ̀fọn má sọ ọ́ di ilé, ẹ sì gbé e sínú òjìji kó má baà lógòdo. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn ni omi tó ń kán láti ara éésì: kò ní iyọ̀ nínú, ó sì dáa fún un bí ẹ bá jẹ́ kó yá kúrò ní títutù.

Ẹ má fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ka omi fún un. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kìíní. Bí ibẹ̀ bá ṣì rin, ẹ yẹra fún un. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. Ojú èèpo àgbọn máa ń tètè gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, nítorí náà ojú nìkan ò tó. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi inú àwo abẹ́ ìkòkò nù. Gbòǹgbò ò lè mí nínú omi àdúró, ẹ̀fọn sì ń pa ẹyin sínú rẹ̀.

Bí omi kànga bá ti pọndandan fún yín, ẹ fọ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹ rọra da lítà mẹ́ta omi òjò gba inú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ ṣàn jáde. Nígbà òjò, ẹ gbé e síta fún wákàtí kan nínú òjò tí kò le.

Ìmọ́lẹ̀, ọyẹ́ àti oúnjẹ

Ibi tí èèyàn ti lè ka ìwé láìtan iná lọ́sàn-án, tí oòrùn ò sì kàn tààrà, ló yẹ ẹ́. Ìtòsí fèrèsé tó ní kọ́tìnnì fẹ́lẹ́ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé dáa. Oòrùn ọ̀sán á jó ewé rẹ̀ ní àpá funfun, àpá náà kì í sì lọ. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré kò ní kú, ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ kò ní yọ òdòdó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò yọ òdòdó lọ́dún kan, ẹ kọ́kọ́ sún un mọ́ fèrèsé kí ẹ tó ra ajílẹ̀.

Atẹ́gùn etíkun ní ọ̀rinrin tó tó o fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọyẹ́ ló ń dà á láàmú, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àti fáànù tàbí éésì tó dojú kọ ọ́. Ẹ kó àwọn ìkòkò yín jọ síbi kan. Fífín omi sára ewé kì í ṣe nǹkan púpọ̀, ó máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí ẹ bá fín lálẹ́, tí ó sùn sórí ewé, máa ń fa àbàwọ́n dúdú.

Ajílẹ̀ NPK 15:15:15, ìdajì ṣíbí tíì nínú lítà mẹ́rin omi, tó ti sùn mọ́jú, kí ẹ sẹ́ kóró tí kò yọ́ dànù. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí ilẹ̀ tó ti rin tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò.

Nígbà tí nǹkan bá yí

Ewé tó wó lulẹ̀ kì í ṣe òùngbẹ nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ kí ẹ tó bu omi. Bí ó bá gbẹ, ẹ ri ìkòkò náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì wó, gbòǹgbò ti ń jẹrà, omi tí ẹ bá fi kún un ló máa pa á. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti fi sípírítì nù gé gbogbo èyí tó rọ̀. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tuntun. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹnu ewé tó pọ́n tó sì gbẹ: iyọ̀, ajílẹ̀ àjẹjù, tàbí ọyẹ́. Ewé ìsàlẹ̀ kan tó pọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí ni, ẹ gé e. Kòkòrò funfun bí òwú: ẹ fi òwú tó ní sípírítì nù ún, lẹ́yìn náà ẹ po ṣíbí tíì ọṣẹ olómi kan mọ́ lítà omi kan, ẹ fín in sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì fi omi fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò lórí ilẹ̀ ń sọ pé ojú ilẹ̀ ti ń tutù jù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ yanrìn odò tó gbẹ bí 1 cm sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, gbòǹgbò á ti kún ìkòkò, omi á máa sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ni kí ẹ pín in. Ẹ bomi rin ín lánàá ọjọ́ náà, ẹ yọ ọ́, ẹ fọwọ́ ya ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ibi tó bá le, ẹ lo ọ̀bẹ. Ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ewé mẹ́ta sí mẹ́rin àti gbòǹgbò tirẹ̀. Ewé wọn á wó fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbé wọn sínú òjìji, ẹ má fi omi kún omi, ẹ sì má fún wọn ní ajílẹ̀ títí ewé tuntun àkọ́kọ́ á fi tú.