Bí A Ṣe Ń Ra Golf GTI Tòkunbọ̀, Tí A Sì Ń Tún Un Ṣe Di Ọkọ̀ Eré

Ọ̀pọ̀ wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré, ẹ̀yìn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ra ọkọ̀ tán lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ti ń wá ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà kún agbára ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ètò tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín yàtọ̀: ẹ wo ọkọ̀ náà sàn, ẹ rí i pé ó mọ ìdúró, kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ eré.

Golf GTI ìran karùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní Mk5, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ará àdúgbò yóò sáré jáde wá yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ló wà nínú rẹ̀, ó ní agbára ẹṣin 200, ó sì ń ti orí ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Ẹrù ọjà ń wọ bùútù rẹ̀, àwọn ọmọ ń jókòó sẹ́yìn.

Ìdílé rẹ̀ ní ìtàn. Ní 1975 ni Volkswagen fi GTI àkọ́kọ́ hàn níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt, ó sì dé ọjà ní 1976 pẹ̀lú agbára ẹṣin 110. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni wọ́n fọkàn sí. Èyí tí wọ́n ṣe nínú ìran àkọ́kọ́ yẹn lé ní 460,000. Aṣọ ìjókòó onílà ìbú àti òòró, àti orí gíà tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gunhild Liljequist ló ronú kàn wọ́n. Bí ẹ bá rí GTI tí wọ́n ti ya aṣọ onílà yẹn dànù, tí wọ́n fi rẹ́síìnì bò ó, ẹ bá mi dárò.

Ọdún 1975 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágírì, bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀, kò sì ṣòro títí di òní láti rí àgbà mẹkáníìkì tó fi Volkswagen kọ́ṣẹ́ l'Ékòó. Àmọ́ mímọ Ìjàpá tú kò ní kí èèyàn mọ ẹ́ńjìnnì TFSI, oní-tọ́bò inú GTI yìí. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tó ní VCDS lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, tó sì lè ṣàlàyé ohun tó rí lójú rẹ̀ fún yín.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó gba Kútọnu yọ́ wọlé lè di ẹjọ́ sí ẹni tó rà á lọ́rùn. VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, èyí tó ṣe ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 6 ni 2006, 7 ni 2007, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníṣòwò bá ń búra pé 2008 ni, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 6, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná ọjà.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tíì sitáàtì ọkọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti ń fi nǹkan pamọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so VCDS mọ́ ọn. Kóòdù àṣìṣe P0300 ń sọ pé iná kò ràn dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, P0299 ń sọ pé tọ́bò kò fẹ́ atẹ́gùn tó. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí kóòdù kankan rárá, ẹ má tíì yọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní àwọn àyẹ̀wò tó ń dá ṣe fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì pa kóòdù rẹ́, gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì gba ìrìn díẹ̀ kí wọ́n tó parí. Bí ẹ bá bá púpọ̀ nínú wọn láìparí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ọkọ̀ náà rìn gba inú gosiló, kí ẹ sì padà so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Inú gosiló yẹn náà lẹ ó ti mọ gíà. Bí ó bá jẹ́ DSG, gíà Volkswagen tó ń yí ara rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n nígbà tó bá ń kúrò ní ookan sí eejì. Bí ó bá jẹ́ oní-kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sí gíà kẹrin lójú ọ̀nà tó là, kí ẹ tẹ tọ́rọ́tù dé ìsàlẹ̀; bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè tí eré kò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán.

Ìwòsàn

Owó àkọ́kọ́ tí ẹ ó ná lẹ́yìn ríra, ibí ni kó wọlé sí. Ẹ wá kóòdù ẹ́ńjìnnì lára ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà níbi táyà àfirọ́pò. Bí ẹ bá rí AXX, BWA tàbí BPY, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní bẹ́líìtì tàímíǹgì ni. Bí ó bá jẹ́ CCTA, ṣéènì ni tirẹ̀, tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ṣéènì náà le sì ni kí ẹ máa ṣọ́.

Lára ẹ́ńjìnnì oní-bẹ́líìtì, nǹkan kékeré kan wà tó ń jẹ́ cam follower. Irin kékeré tó dà bí ìdérí ìgò ni, ó wà láàárín camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, àti pọ́ǹpù tó ń ti epo wọ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ipá ńlá. Ní gbogbo ìgbà tí camshaft bá yí, ó ń tẹ ojú irin yìí, ojú náà sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá lu, camshaft á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pá pọ́ǹpù, ọ̀pá náà á sì máa jẹ camshaft. Owó kékeré ni irin yìí, ti camshaft àti pọ́ǹpù ló ń pa èèyàn. Bóótù mẹ́ta ni wọ́n fi de pọ́ǹpù náà mọ́lẹ̀, wákàtí kan kò ní pé lórí rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ipá epo inú páìpù ti lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú u, nítorí epo tó ń tú jáde níbẹ̀ lè wọ awọ ara. Bí àwọ̀ dúdú ojú irin náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ẹ lè dá a padà, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 20,000 kìlómítà. Bí ojú rẹ̀ bá ti jìn tàbí tó ti ń fẹ́ lu, tuntun nìkan ló kù. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí èèyàn fi kọ̀ǹpútà kún agbára ẹ́ńjìnnì tí kò tíì wo irin yìí lójú.

Bẹ́líìtì tàímíǹgì: bí kò bá sí ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbà pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Tó bá já, fáàfù á lu písítìnì. Ẹ pa wọ́tà pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn, torí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí i.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lítà 4.6, tí wọ́n kọ VW 502 00 sára agolo rẹ̀. Nínú ooru àti gosiló wa, mi ò ní jẹ́ kó kọjá 8,000 kìlómítà. Ọ́ìlì DSG ń fẹ́ pípààrọ̀ pẹ̀lú fílítà rẹ̀ ní gbogbo 60,000 kìlómítà. Ẹ óò rí ẹni tó máa sọ pé ọ́ìlì gíà kì í gbó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Ohun méjì tó kù kò le. Diverter valve, fáàfù tó ń tú atẹ́gùn tọ́bò sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, èyí tó kọ́kọ́ bá ọkọ̀ náà wá ní rọ́bà tín-ín-rín nínú tó máa ń ya, atẹ́gùn tọ́bò á wá máa jò. Oní-písítìnì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ìkejì ni èédú tó ń gbá jọ sẹ́yìn fáàfù, nítorí pé tààrà sínú sìlíńdà ni epo ń wọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kì í gba ẹ̀yìn fáàfù kọjá láti fọ̀ ọ́. Wọ́n ní láti tú manifold, ìyẹn páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì ha á mọ́.

Táyà àti búréèkì

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mi ò fara mọ́ táyà tòkunbọ̀ rárá fún ọkọ̀ eré. Ẹni tí kò lówó táyà tuntun mẹ́rin kò tíì lówó GTI.

Nípa rímù, mo mọ̀ pé ínṣì 19 ń wu ojú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 225/45 R17 ní ògiri tó ga tó mìlímítà 101. 225/40 R18 ní 90. 225/35 R19 kò ní ju 79 lọ. Ògiri yẹn ló ń gba ìyà kòtò kí rímù má bàa gbà á. Fún ojú ọ̀nà wa, 17 ni tèmi. Kí ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìwọ̀n náà pẹ̀lú: V gba 240 kìlómítà ní wákàtí, W gba 270.

Rímù yìí ló tún máa pinnu búréèkì. Díìsì iwájú GTI jẹ́ mìlímítà 312. Ti Golf R32 tó jẹ́ 345 ṣeé so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rímù 17 kò ní gbà á. Nítorí náà ẹ fi 312 sílẹ̀, kí ẹ fi owó náà ra páàdì gidi àti díìsì tuntun, kí ẹ sì fa omi búréèkì àtijọ́ jáde. Omi búréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: DOT 4 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155. Tó bá hó lórí eré, pẹ́dà á rì dé ilẹ̀ láìsí ìdúró kankan. Ọdún méjì méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Bí páàdì tuntun bá wọlé, ẹ wá ojú ọ̀nà tó dá, kí ẹ máa sáré níwọ̀nba, kí ẹ máa tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ láìdúró pátápátá, ní ẹ̀rìnmẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni páàdì àti díìsì ṣe ń mọra.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹ má rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ óò rẹ̀ ẹ́. Ó dáa, kí ó má kọjá ínṣì kan, kí ó má sì jẹ́ pé sípírínì ni ẹ gé. Ohun tó ń dára ju rírẹ̀ sílẹ̀ lọ ni buṣíìnì ẹ̀yìn control arm iwájú (apá irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú), tó máa ń ya, àti ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn èyí ni aláìnmẹ́ǹtì lórí ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń fi ojú wò ó. Ẹnu á ya ẹlòmíì tó bá wa ọkọ̀ náà báyìí, á sì bi yín iye agbára ẹṣin tí ẹ fi kún un.

Agbára

Ìsinsìnyí la tó dé ibi tí gbogbo ayé ń sáré lọ. Stage 1 ni pé kí wọ́n yí ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà kí tọ́bò lè fẹ́ sí i. Láti 200, ó lè dé nǹkan bí 240 sí 250 láìtú bóótù kankan. Ohun tó ń dí èyí lọ́wọ́ nílé wa ni epo. Lára ìdérí ojú epo, ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá á kọ octane 98, ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò, á sì gba 95. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá á kọ 91. Ìwọ̀n tiwọn nìyẹn, ó sún mọ́ 95 ti Yúróòpù, ẹ má ṣe rò pé epo tó rẹlẹ̀ ló ń bèèrè. Epo tí octane rẹ̀ kò tó máa ń gbiná kí àkókò rẹ̀ tó pé. Kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ọ, á fa iná sẹ́yìn láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, agbára tí ẹ sanwó fún á sì lọ. Ẹ sọ irú epo tí ẹ ń rà fún ẹni tó ń ṣètò náà, kí ẹ sì ní kó gbé àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà jáde fún yín. Ẹni tó bá kọ̀, ìwé ètò kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ gbogbo èèyàn.

Stage 2 ń fẹ́ páìpù èéfín ńlá. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, mi ò ní gbé e lé ọkọ̀ tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Eré orí òpópónà wa ní òfin: 100 kìlómítà ni FRSC gbà fún ọkọ̀ aládàáni lórí ọ̀nà márosẹ̀, 50 láàárín ìlú. Ará wa tó wà ní ìlú Ọba ní pápá eré Brands Hatch ní Kent tí wọ́n ti lè sanwó wọlé, ó sì lè wa ọkọ̀ dé Nürburgring ní Jámánì, kìlómítà 20.8 yíká. Kí ó kọ́kọ́ sọ gbogbo àyípadà fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìbánigbófò kì í sì í bo ìjàǹbá orí pápá eré rárá.

Gbogbo ohun tí ẹ bá tú kúrò, sípírínì, rímù, diverter valve, kí ẹ wé e sínú báàgì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó mọ GTI tó bá wá rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á kọ́kọ́ bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kó tó bèèrè iye owó.