Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ìpele Ilẹ̀ Bí William Smith Ṣe Kà Á

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, mo sì mọ ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Katapílà gé etí títì, inú ilẹ̀ hàn, ọmọ á ní, "Sà, èyí pupa, ìyẹn funfun," ó parí. Àwọ̀ nìkan ò tó. Ẹni tó fi ohun tó yẹ ká wò hàn ni William Smith, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí ní Churchill, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1769.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, kí koríko tó bò ó. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Smith. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ipa omi tí ọkọ̀ èédú máa gbà ní Somerset, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún un náà ló fi ń wo inú ilẹ̀. Ẹ sì bi àwọn tó ń gbẹ́ ẹ léèrè. Àwọn awakùsà èédú ní High Littleton, abúlé kan ní Somerset, ti mọ bí ìpele ṣe tò léra kí Smith tó wọ kòtò wọn. Ní tiwa, ẹ lọ bá àwọn agbẹ́kànga.

Ẹ fi téèpù wọn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́ jù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fì sí apá kan. Smith fi èyí tó rí wé búrẹ́dì tí wọ́n gé, tí wọ́n pa ní bọ́tà, tí wọ́n wá tò fì síra wọn.

Ó wá ku ìkarahun tó ti di òkúta sínú ìpele, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ní abúlé Smith, òkúta roboto kan ni wọ́n fi ń wọn bọ́tà. Ẹ̀dá inú òkun tó ti di òkúta ni. Amọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ohun tó kú sínú wọn ò ní jọra. Nítorí náà, ìpele kan, ọ̀rá kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ìpele sára ọ̀rá kí ẹ tó ṣa ohunkóhun sínú ẹ̀. Pásítọ̀ kan, Benjamin Richardson, ti kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ rẹpẹtẹ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Smith wò wọ́n, ó ń sọ ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹnu ya bàbá náà! Lọ́dún 1799, ó jókòó, Smith ń pe ìpele, òun ń kọ ọ́.

Tí ẹ bá rí ìkarahun kan náà níbòmíì, ẹ fa ìlà so ibi méjèèjì pọ̀: máàpù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti Smith jáde lọ́dún 1815, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, àwọ̀ á ki nísàlẹ̀ ìpele, á wá máa ṣí bó ṣe ń lọ sókè. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀. (Gbèsè gbé e dé ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1819, ọdún 1831 ni wọ́n tó fún un ní Wollaston, àmì ẹ̀yẹ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta.)

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ má lọ wá ìkarahun lára Olúmọ o. Inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ni irú òkúta yẹn ti dì. Ewékorò ni kí ẹ lọ, níbi òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibẹ̀, ẹ dé akoto, ẹ má sì dúró sábẹ́ ibi tó ti sán.