Bí a ṣe ń fi láàbù inú kọ̀ǹpútà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní CAD (fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́)

Ẹ fi FreeCAD, ètò tí a fi ń ṣe CAD, sórí gbogbo kọ̀ǹpútà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tó bá ti wọlé. Onshape náà dára, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé; tí iná bá lọ ní Àkúrẹ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì sì bá a lọ, ẹ ó kàn máa wo ara yín lójú ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wa FreeCAD jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn yòókù gbà á lórí fláàṣì. Mọ́úsì olówó pọ́ọ́kú tó ní táyà láàárín ni kí wọ́n lò.

Ẹ gbé nǹkan gidi lé wọn lọ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin ni èmi máa ń rà lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà ọ̀nà Ọba-Ilé. Rúlà irin ti tó láti fi wọ̀n ọ́n.

Sketch, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ tí a kọ́kọ́ ń yà, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ya igun mẹ́rin, á máa fi mọ́úsì fà á títí á fi jọ 80 sí 50 mìlímítà lójú rẹ̀, á ní òun ti ṣe tán. Irọ́ ni! FreeCAD á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́rin ló ṣì lè gbà yẹ̀. Kó so igun kan mọ́ ibi tí ìlà ìbú àti ìlà òró inú FreeCAD ti pàdé láàárín: ó ku méjì. Kó kọ 80: ó ku ọ̀kan. Kó kọ 50, ìlà á di àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé kò lè yẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tún kọ 80 sókè lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó pa ọ̀kan rẹ́.

Ihò náà ńkọ́? Ẹ rí i pé wọ́n wọn ihò kọ̀ọ̀kan láti etí irin tó sún mọ́ ọn. Mo máa ń fọwọ́ ara mi yí 80 sí 100. Bí wọn ò bá so ihò mọ́ etí, etí á lọ, ihò á jókòó sílé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ Pad, tó ń sọ sketch di nǹkan tó nípọn, kí sketch tó di àwọ̀ ewé.

Pad mìlímítà 6, Pocket, tó ń gbẹ́ nǹkan, fún ihò, ó parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ FEM, ibi tí FreeCAD ti ń ṣírò ohun tí ẹrù ń ṣe sí irin: kí wọ́n di etí kan mú, kí wọ́n gbé ẹrù lé èkejì. Ẹ jẹ́ kí mesh, ìyẹn àwọn ègé tí FEM ń pín irin náà sí, kọ́kọ́ rí gbàgìdì gbàgìdì, torí mesh wẹ́wẹ́ á dá kọ̀ǹpútà kékeré dúró.

Fáìlì FCStd, ìyẹn fáìlì FreeCAD gan-an, ni mo ń gbà. N kì í gba àwòrán. Àwòrán ò ní sọ fún mi bóyá ó di àwọ̀ ewé.