Bí a ṣe ń fi 1-MCP dá tòmátì dúró kó má tètè pọ́n

Yorùbá ya "gbó" sọ́tọ̀ kúrò lára "pọ́n". Tòmátì lè gbó kó má tíì pọ́n. Ohun tó ń ti èso láti gbígbó bọ́ sí pípọ́n ni ẹ́tílíìnì, gáàsì tí èso fúnra rẹ̀ ń tú jáde. Òun ló fà á táwọn ìyá wa fi ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ inú àpò: gáàsì náà kò ráyè jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì yára pọ́n.

1-MCP (ìkékúrú 1-methylcyclopropene) náà gáàsì ni. Kì í lé ẹ́tílíìnì lọ, ìjókòó rẹ̀ lára èso ló ń gbà. Bí òde ìnáwó ló rí: ẹni tó tètè dé ló jókòó, ẹni tó pẹ́ á dúró síta, aṣọ ẹbí ì báà wà lọ́rùn rẹ̀. (Kábáàdì táwọn kan fi ń pọ́n èso tipátipá, ìjókòó yìí kan náà ni gáàsì tirẹ̀ ń wá.) Edward Sisler àti Sylvia Blankenship ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina ló ṣàwárí iṣẹ́ 1-MCP; ọdún 1996 ni páténtì rẹ̀ jáde.

Ṣíṣà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ mú èyí tó ti gbó, tí ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó ti pọ́n tán, ẹ lọ fi se ọbẹ̀, ẹ́tílíìnì ti jókòó níbẹ̀. Èyí tí kò tíì gbó burú jù, torí ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi hun jọ láìdùn lẹ́nu. Ẹ yọ gbogbo èyí tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó ti ń jẹrà: ojú ọgbẹ́ a máa tú ẹ́tílíìnì sí i, 1-MCP kì í sì í pa ohun tó ń mú èso jẹrà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ká a náà ni kẹ́ ẹ ṣe é, bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ wá yàrá kékeré tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá tó nípọn ṣe àgọ́, kẹ́ ẹ fi tépù lẹ gbogbo ojú ihò pa. Ẹ wọn yàrá náà. Bó bá gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní 2, tó ga ní 2, kúbíìkì mítà 12 nìyẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò fún èso kì í ju ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan lọ. Nínú yàrá yìí, mílílítà 12 gáàsì ni, kò kún ṣíbí ìjẹun kan! Nítorí náà, ẹ má fojú díwọ̀n rárá. Ohun tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá NAFDAC fọwọ́ sí i.

Ẹ to kéréètì kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, kẹ́ ẹ tan fáànù kékeré. Lẹ́búlẹ́bú ni 1-MCP tí wọ́n ń tà sábà máa ń wà, omi ló ń tú gáàsì náà jáde nínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da lẹ́búlẹ́bú náà sínú abọ́ omi láàárín yàrá, kẹ́ ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn. Wákàtí 12 sí 24 ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ yàrá náà dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ibi òjìji tó tutù ni kẹ́ ẹ kó tòmátì sí. Ẹ má ṣe gbé e sínú fíríìjì: bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju 13°C lọ, tòmátì tí kò tíì pọ́n kì í pọ́n bó ṣe yẹ mọ́.

Èso a máa kan àga tuntun bó bá pẹ́, ẹ́tílíìnì á sì padà ríbi jókòó. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó èyí tó bá pọ́n lọ sọ́jà.