Bí ẹ ṣe lè yan olùkọ́ Yorùbá fún kíláàsì ọmọdé l'Ékòó, kí ẹ sì mú un dúró

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí ń mú wá sí kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní Yábàá, Sùúrùlérè tàbí Gbàgádà ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n gbọ́ "wá jẹun", wọ́n gbọ́ "màá nà ẹ́", ó parí. Ohun tó mú kí yíyan olùkọ́ wọn le nìyẹn. Ẹni tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nínú èdè Yorùbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó ti ilé gbọ́ èdè náà wá: àròkọ, òwe, gírámà, ewì. Ẹ gbé e síwájú ọmọ ọdún márùn-ún tí kò mọ "gbé" yàtọ̀ sí "gbà", kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti ń túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tó lè fi Yorùbá nìkan mú ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dìde, kó rẹ́rìn-ín, kó dáhùn. Ìyókù ṣeé kọ́.

Ibi tí ẹ ti máa rí wọn

Ẹ lẹ ìkéde mọ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní UNILAG, ní Akọka, àti ní LASUED ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ìyẹn AOCOED àtijọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tó di yunifásítì ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, àǹtí tó ń kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òṣìṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi: àwọn wọ̀nyí sábà máa ń mọ ìwà ọmọdé ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì lọ.

Ìdánwò mẹ́ta

Èkíní, kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà gba ohùn ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ tó wo ìwé ẹ̀rí. "Búrẹ́dì" àti "fóònù" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. "Ẹ wá mix ẹ títí á fi smooth" ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má sì torí ẹ̀ka-èdè lé ẹnikẹ́ni. Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìbàdàn, gbogbo wọn ló ń gbé Èkó, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìyá àgbà ọmọ náà. Kìkì pé bó bá ń kàwé fún ọmọ, ó gbọ́dọ̀ lè ya "sá" tí à ń sá lọ sọ́tọ̀ kúrò lára "ṣá" tí à ń fi àdá ṣá igi. Ọmọ Ìbàdàn lè nílò ìdánrawò díẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì ni àpèkọ: gbólóhùn mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi irú èyí sí i: "Ọkọ Bọ́lá gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Bí kò bá fi àmì ohùn kankan sí i, ẹ má tíì jáwọ́ lára rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí Yorùbá dùn lẹ́nu wọn ni kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún pè é. Ẹni tó tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò kọ́ ohun gbogbo tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ má fi àmì dààmú ọmọdé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń kọ "aiye" àti "enia". Ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, tó sọ wọ́n di "ayé" àti "ènìyàn". Àwọn ọmọ á bi í léèrè ìdí tí pátákó ojú títì fi ń kọ Shomolu, Oshodi àti Ebute Metta nígbà tí òun ń kọ Ṣómólú, Òṣòdì àti Èbúté Mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ ní èsì.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ìṣẹ́jú 15 níwájú ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà gidi, pẹ̀lú àṣẹ òbí wọn. Kí àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò, kó máa ka nǹkan mẹ́ta péré: iye ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu olùkọ́, iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ tàbí ṣe nǹkan, àti iye ìgbà tó kọ ẹ̀yìn sí wọn nídìí pátákó. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni "ẹ pè é tẹ̀lé mi". Àwọn ọmọ á pariwo "ajá, ajá, ajá", inú gbogbo ènìyàn á dùn. Ẹ wá ní kí olùkọ́ na ọwọ́ sí àwòrán ajá láìsọ̀rọ̀. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́, orin lásán ni wọ́n ń kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fúnra yín pe ibi méjì tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ìbéèrè kan tó ju mẹ́wàá lọ ni: "Ṣé ẹ lè tún gbà á padà?" Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe dákẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Kí ó fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ọmọ kó tó wọ kíláàsì: ilẹ̀kùn kì í wà ní títì, olùkọ́ kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, ẹnikẹ́ni kì í na ọmọ. Kódà bó jẹ́ ọmọ àbúrò yín ni ẹ fẹ́ gbà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: wákàtí 20 kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi èdè tí àwọn olùkọ́ fúnra wọn kò gbọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọmọ Àgbádárìgì kan tó lè fi Ègùn kọ́ wọn fún ogún ìṣẹ́jú láìtúmọ̀ ohunkóhun. Àwọn olùkọ́ á rí i lára ara wọn bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn máa wo ẹnu ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀kọ́ àṣẹ ló tẹ̀ lé e. Olùkọ́ á ní "dìde", òun náà á dìde, "jókòó", "gbé ìwé", "gbé ìwé fún Tádé". Àwọn ọmọ ò tíì ní láti sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó fún kíláàsì kan. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ pa eré dà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti máa wá wọn.

Àtúnṣe ni kókó. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú á sọ pé "mo ní ebi" tàbí "mo jẹ́ ọdún méje". Olùkọ́ tó bá ní "rárá o, kò dáa" ti pa á lẹ́nu mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó dá a lóhùn bí ìyá ṣe ń dá ọmọ lóhùn: "Ebi ń pa ọ́? Ebi ń pa èmi náà. Ta ni ebi tún ń pa?" Ọmọ mẹ́ta tó bá dáhùn, àtúnṣe ti wọlé láìdójú ti ẹnikẹ́ni.

Ní ti p àti gb, ẹ ní kí wọ́n gbé bébà pẹlẹbẹ síwájú ẹnu. P ti Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ bébà náà sẹ́yìn. P inú "pupa" kì í fẹ́ ẹ, torí k àti p ló jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi imú kùn, dò, re, mí, kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ sí i: igba, igbá, ìgbà. Kò pọn dandan kí olùkọ́ mọ gángan lù.

Kí wọ́n múra sílẹ̀ fún òǹkà. Ọmọ á kà á dé mẹ́rìnlá wọ́ọ́rọ́, á wá rì sí ẹ̀ẹ́dógún, torí ibẹ̀ ni àròpọ̀ ti di àyọkúrò. Ẹ kó ìdérí mínírà 20 sílẹ̀, kí ọmọ yọ márùn-ún kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó kù ni ẹ̀ẹ́dógún. Kó dá ọ̀kan padà, ó di ẹ̀rìndínlógún.

Kí olùkọ́ tuntun wo kíláàsì ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, kó ṣe igbákejì lẹ́ẹ̀mejì, kó tó gba tirẹ̀.

Mímú wọn dúró

Olùkọ́ kì í sábà torí èdè kúrò. Owó, ọkọ̀ àti òbí ló ń lé wọn.

Ẹ sanwó ìmúrasílẹ̀: wákàtí kan ní kíláàsì, ẹ ka ààbọ̀ wákàtí mọ́ ọn. Owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, kó sì tó wọn lọ́wọ́ kí Sátidé tó dé. Ẹ fi kíláàsì sí aago mẹ́wàá, má ṣe aago mẹ́jọ, torí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú kò lè ṣèlérí ohun tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ṣèlérí. Ẹni tó ń gbé Agége tàbí Ìjú lè bá ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 wá sí Yábàá, nítorí náà ẹ bèèrè àdírẹ́sì kí ẹ tó pín kíláàsì.

Ọmọ 12 ló pọ̀ jù fún olùkọ́ kan àti igbákejì kan. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀gá wá wò wọ́n, kó sì sọ ohun kan tó dára àti ohun kan láti tún ṣe, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojú ewé méjì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ní ti òbí, ilé ẹ̀kọ́ ni kó máa dá wọn lóhùn lórí WhatsApp, kì í ṣe olùkọ́ ní aago mọ́kànlá òru. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá kan á bèèrè ìdí tí ọmọ òun kò fi tíì sọ Yorùbá. Kí ẹ ti sọ fún un lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé ọmọ lè fi oṣù mélòó kan gbọ́ èdè kó tó sọ ọ́, kí ẹ sì ní kó fi Yorùbá nìkan pe ọmọ wá jẹun láti òní lọ.

Kí ìwé kan wà nínú àpótí kíláàsì. Olùkọ́ á kọ ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀ kó tó lọ sílé: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́, eré tí wọ́n ṣe, ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ lónìí. Bí afárá Third Mainland bá dí ní Sátidé tó ń bọ̀, igbákejì á ṣí ìwé náà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn.