Àdògán mẹ́fà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó

Lóṣù Kejì ọdún 2023, owó tó wà nínú àpò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, jẹ́ 650,000 náírà, ẹnu gbogbo wa sì ti kò lórí ohun tí a máa fi ṣe: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ la óò rà fún abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ wuni. A lè kùn ún ní ọ̀dà, kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, kí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn wa l'Ékòó àti lókè òkun kí wọ́n fi tiwọn kún un. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín: "Akọ̀wé, o ò rí gàrí rí ni?"

Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò rí gàrí rí? Àmọ́ jíjẹ la mọ̀ jù.

Mo dé abúlé náà nígbà tí ọjà ku ọ̀túnla, mo sì sùn síbẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹ̀rọ méjì lábẹ́ igi obì, wọ́n ti dógùn-ún, adìyẹ ń yé sínú ọ̀kan. Orúkọ àwọn tó fi wọ́n ta abúlé lọ́rẹ ṣì hàn gbangba lára wọn. Ẹ̀kẹta, ti ọkùnrin kan tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó bá wá lọ ẹ̀gẹ́, ni ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ráhùn nípa rẹ̀.

Mo jókòó ti àwọn ìyá náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń wo aago. Ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́ta, ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ tán kí n tó jẹ ẹ̀kọ kan tán. Wọ́n dì í sápò, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. (Gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó kan bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra ti ibòmíì.) Yíyan ni wàhálà. Àdògán mẹ́rin péré fún obìnrin mọ́kànlélógún, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Bí òjò bá ṣú, iṣẹ́ dúró. Ẹni tí kò bá tíì kàn, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á máa kan sí i nínú àpò, nígbà míì á di ọjọ́ kẹjọ, àwọn alájàpá á sì yọ owó lára iye tí wọ́n fẹ́ rà á.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Àgbà. Ó ń fi etí ìró nu ojú, èéfín ń fẹ́ sí i gbáà, àfọ́kù igbá tó fi ń da gàrí kò sì dúró. Mo ní, "Màmá, ṣé ojú ò ta yín?" Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá ní ó ń ta mí, ṣé wàá bá mi yan án?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ àdògán dé ìpàdé. Ẹnì kan ní, "Ta ló ń gé rìbọ́nì níwájú àdògán?" Ìpàdé mẹ́ta la fi jà á kí wọ́n tó gbà.

Ilé ìyan-gàrí la fẹ́ kọ́: òpó, pánù, àdògán 8 tó ní ihò èéfín, kí ojú iná wà lẹ́yìn ògiri, kí ẹni tó ń koná àti ẹni tó ń yan má jọ wà níbì kan. Ìṣirò àkọ́kọ́ jẹ́ 1,850,000. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ tó ń kó pákó àti pánù náà sì bá a fò. Ìṣirò di 2,270,000.

Nínú lẹ́tà tí mo kọ, mi ò sọ pé kí wọ́n ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mo to iye gbogbo nǹkan sílẹ̀: ihò èéfín kan, eélòó, ìdì pánù kan, eélòó, kí kálukú mú èyí tó bá lè gbé. 920,000 wọlé. Ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà lọ́dún náà, gbogbo èèyàn ti wálé, a sì ṣèpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì: 480,000 lówó sán-án. Ẹnì kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun á fún wa ní 500,000. Àwọn onílù kì í títí. Kò gbé fóònù wa títí dòní. Owó tó bá ti wọ báńkì nìkan ni mò ń kà báyìí.

Pẹ̀lú 650,000 tó ti wà nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 2,050,000, a sì dín àdògán kù sí 6. Ará abúlé fi ọ̀wẹ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n kó yanrìn, wọ́n gé igi. Mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé bí owó tí àwọn náà dá.

Kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan ilẹ̀, ìdílé tó ni ín la kọ́kọ́ lọ bá. Ègùn àti Àgátú pọ̀ nínú àwọn tó ń dáko níbẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san fún onílẹ̀. Bí onílẹ̀ bá ní òun fẹ́ ilẹ̀ òun lọ́la ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbé ọtí àti obì lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ogún ọdún, baálẹ̀ sì ṣe ẹlẹ́rìí. Lójú tèmi, ìwé yẹn níye lórí ju pánù lọ.

Ibi tí mo ti kùnà rèé. Bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú àdògán, èmi ni mo sì kọ 74,000 sílẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ẹ̀ ti là. Mo ti ń ro ẹni tí n óò tún tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pòṣé. "Ta ló fi sìmẹ́ńtì dáná rí?" Ní ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin gbé ọkọ́ lọ sídìí ògán kan lẹ́yìn oko, wọ́n wó o, wọ́n gún un, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n pò ó, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn rẹ́ àdògán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò là mọ́.

Ẹni tó bá yan gàrí á fi ààbọ̀ kọ́ńgò sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ọmọ girama kan ló ń kọ ìwé, ìyá méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, kálukú pẹ̀lú àgádágodo tirẹ̀. Lóṣù Kẹrin 2024, ìjì ká pánù mẹ́ta. Ìgbà tí mo lọ ra gàrí ni mo tó gbọ́, wọ́n ti tún un ṣe. Mo ní kí Màmá Àgbà dín owó kọ́ńgò mẹ́wàá tí mo fẹ́ rà kù fún mi, ṣebí èmi ni akọ̀wé.

Ó ní owó pánù wà nínú ẹ̀.