Mo ra Honda Civic àtijọ́ kan, kì í ṣe torí ẹ́ńjìnì ẹ̀

Bàbá tó ń ta mọ́tò náà ń tẹ iná mọ́ ọn, ó ń sọ pé "gbọ́ ohùn ẹ̀, ṣó o gbọ́ ohùn ẹ̀", èmi wà nílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, mò ń fi ẹ̀yìn sukurudíráífà kan irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tó yá bàbá bẹ̀rẹ̀ wò mí. "Ọmọ mi, òkè níbí lẹ́ńjìnì wà o." Mo ní mo mọ̀ sà. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń yìn yẹn, yíyọ ni mo fẹ́ yọ ọ́, kí n fi òmíì sí i.

Mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo ń wá látìbẹ̀rẹ̀, tó fúyẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, àmọ́ tó jẹ́ pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á dáhùn. Mo wo BMW E36, mo wo Mercedes 190E, mo tún wo Volvo 240 tí àwọn kan máa ń ki ẹ́ńjìnì V8 onísìlíńdà mẹ́jọ sínú ẹ̀, gbogbo wọn ló wù mí, àmọ́ àwọn ẹ́ńjìnì tí mo ní lọ́kàn fún wọn máa gbà kí n jó irin, kí n rọ ẹ́ńjìn sìtì tuntun, ìyẹn irin tó ń gbé ẹ́ńjìnì dúró, kí n máa wá ẹni tó máa gé ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí tayà, tó máa bá a mu. Èmi ò mọ irin jó. Bí mo ṣe fàbọ̀ sórí Honda Civic ti 1992 sí 1995 nìyẹn, èyí táwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń pè ní EG, torí pé òun àti Integra, mọ́tò Honda míì, bí ìbátan ni wọ́n rí. Ẹ́ńjìnì tó wà nínú èyí tí mo rà yìí ni D15B7, lítà 1.5, agbára ẹṣin 102. Ti Integra tí mo fẹ́ ni B18B1, lítà 1.8, bíi 140. Ìyàtọ̀ yẹn lè má jọ ẹ lójú lórí bébà, ṣùgbọ́n mọ́tò tó jẹ́ pé díẹ̀ ló fi lé ní 1,000 kílò ni à ń sọ o, wàá mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó tún wá dùn níbẹ̀ ni pé àwọn irin tó gbé ẹ́ńjìnì dúró lára Integra 1994 sí 2001, ṣáàfù ẹ̀, ọ̀pá jíà ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé sára EG láìjó nǹkan kan, nọ́ọ̀tì àti bóòtù lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ló tún orí mi ṣe. Mo ti fi fọ́tò mọ́tò kan ránṣẹ́ sí wọn, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ wo bí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní. Wọ́n pè mí lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnì tó o fẹ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lo wá ń yẹ̀ wò? Ara mọ́tò lò ń rà, wáyà lò ń rà, pépà lò ń rà. Ẹ́ńjìnì inú ẹ̀, ẹrù ni." Wọ́n tún ní kí n wá ẹ́ńjìnì tí mo fẹ́ kì ná kí n tó wá mọ́tò, torí tó o bá ra mọ́tò ṣáájú, ẹ́ńjìnì èyíkéyìí tó o bá rí lo máa rà, ojú á ti kán ẹ. Mo gbọ́. Mo rí ẹnì kan tí wọ́n kọ lu Integra ẹ̀ látẹ̀yìn, ti 1997, búùtù ti rún pátápátá ṣùgbọ́n iwájú ò ní nǹkan kan, ó sì jẹ́ kí n tan ẹ́ńjìnì ẹ̀ kí n gbọ́ ọ, kí n wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n ẹ̀, agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí wọ́n tó yọ ọ́, sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo kó o tòun ti jíà, irin tó gbé e dúró, ọ̀pá jíà, àti ṣáàfù méjèèjì. Mo rò pé mo ti kó gbogbo ẹ̀ tán. A ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ó wá ku mọ́tò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, ara ẹ̀ dà bíi pé inú bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Kò sí ìpẹtà, kò sí ibi tó tẹ̀, síìtì ẹ̀ ò ya. Àmọ́ ọ̀tọ̀mátíìkì ni, jíà tó wà lọ́wọ́ mi sì jẹ́ máńúàlì. Ẹni tí ò bá tíì ṣe é máa rò pé kéèyàn ṣáà yí jíà ni, àbí? Rárá o. O máa wá pẹ́dà mẹ́ta, o máa lu ihò sí irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnì àti inú mọ́tò kó o lè de kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, o máa fa ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì, o máa wá àyè fún ọ̀pá jíà, wáyà ẹ̀ náà tún yàtọ̀. Iṣẹ́ méjì lo sọ iṣẹ́ kan dà yẹn. Mo fi í sílẹ̀, ó sì dùn mí títí dòní, torí irú ara yẹn ṣọ̀wọ́n.

Èkejì, bọ̀dá kan ló ń tà á, owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ó ń dán bí ojú dígí. Mo kúkú ti mọ̀ pé níbi tí EG ti máa ń dípẹtà ni òkè tayà ẹ̀yìn, níbi tí irin ti ṣe kọrọdọ yẹn, omi àti ẹrẹ̀ máa ń dúró sínú ẹ̀ láì jáde. Mo yọ òòfà kékeré kan látinú àpò, mo gbé e lé òkè ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé e lé òkè tayà ẹ̀yìn, ó já bọ́. Mo tún gbé e, ó tún já bọ́. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́, filler tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ihò ló nípọn tó yẹn. Bọ̀dá ní "wọ́n kàn kùn ún kó lè rẹwà ni, brọ́". Mo ní ó rẹwà lóòótọ́. Mo ṣí búùtù, mo gbé kápẹ́ẹ̀tì àti tayà àpọ́jù, omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, rọ́bà ẹ̀yìn iná ti gbẹ ló ń jẹ́ kó wọlé. Mo wá wo ibi tí wọ́n ń ki jáàkì sí lábẹ́ ilẹ̀kùn, sukurudíráífà tí mo rọra fi tì í wọlé ṣinrá. Èmi àti bọ̀dá jọ wò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ẹ́ńjìnì tó kú, wákàtí mélòó kan lo máa fi yọ ọ́, o máa fi òmíì sí i. Ara tó ti jẹrà, irin tuntun lo máa gé, o máa jó o, o máa kùn ún, òmíì á tún máa yọjú níbòmíì. Ìdí ẹ̀ rèé tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni.

Ti bàbá wá ni ẹ̀kẹta, ti 1993, máńúàlì, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Mo ti bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnì ẹ̀ kí n tó dé, torí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná lè fi àìsàn ẹ̀ pamọ́, àmọ́ bí mo ṣe fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ó ti gbóná. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní bàbá, mi ò kánjú sà, ẹ jẹ́ ó tutù ná. Ní gbogbo àsìkò tó ń tutù yẹn ni mo ń wo ara ẹ̀. Òòfà lẹ̀ mọ́ òkè tayà méjèèjì, ìpẹtà wà létí ẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n òkè irin ni, kò tíì wọnú. Ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti wọlé gbẹ. Àlàfo láàrin ilẹ̀kùn àti ara mọ́tò dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé jàǹbá ńlá ò tíì ṣẹlẹ̀ sí i. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú, ó gbẹ. Mo wo ìdí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì bóyá ọ́ìlì ń jò síbẹ̀, kò jò.

Pépà ńkọ́? Nọ́mbà ṣáásí ẹ̀ wà lára irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú irin ni, mo fi wé ti inú pépà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tó bá yàtọ̀ pẹ́nrẹ́n, mi ò bá ti lọ. Mo ti béèrè ṣáájú bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹ́ńjìnì tuntun sínú ìwé mọ́tò, torí òfin ò rí bákan náà kárí ayé, ní California fún àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnì tó o fẹ́ kì ò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú ọdún mọ́tò. Èèyàn míì ti parí iṣẹ́ tán kó tó mọ̀ pé mọ́tò òun ò lè jáde.

Nígbà tó tutù, mo ṣí ìdérí ọ́ìlì. Ó funfun bí omi ọṣẹ lábẹ́. A tan án, èéfín funfun ń jáde ní sáláńsà, kò dáwọ́ dúró. Tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jó, omi ti wọnú ọ́ìlì. Bàbá ní rọ́bà omi kan lásán ni wọ́n máa pààrọ̀. Inú mi ń dùn, ẹ má rí i, àfi kí n máa ṣe ojú bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn jẹ́jẹ́ ohun tó jẹ́, mo fi ọ́ìlì hàn wọ́n, mo ní sà, bí ẹ bá gbé e fún mẹkáníìkì, iye tó máa gbà lọ́wọ́ yín rèé. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo mọ́tò. Ìdajì iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ó lé díẹ̀, la fi parí ẹ̀. Ọkàn mi ò jẹ́ kí n rẹ́ wọn jẹ jù, ìwé ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá yí ọ́ìlì ẹ̀ sílẹ̀.

A wà á káàkiri díẹ̀ kó tó gbóná, kí n lè mọ bíréèkì, bíárìn tayà, àti bóyá ó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣáàfù ń dún ka-ka-ka tí mo bá yí ọwọ́, ìyẹn ò kàn mí, mo ní òmíì nílé. Mo tan iná gbogbo, mo gbé gíláàsì sókè sódò, mo wo gbogbo géèjì, torí àwọn yẹn ló ń bá mi lọ ilé. Ọkọ̀ akẹ́rù la fi gbé e.

Ohun tí ojú mi fò ni abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ẹnì kan ti de aláàmù sí i rí, ó sì ti yọ aláàmù lọ, ó wá fi wáyà ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mọ́kànlá, wọ́n lọ́ àwọn kan mọ́ra wọn láì fi téèpù wé e. Ọ̀kan nínú wọn ni wáyà iná tó ń lọ sí páǹpù epo. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tẹ̀ lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Ká ní mo na ọwọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó ni, owó ò bá tún wálẹ̀ sí i.

Èyí tí mo ní a máa padà sí ni orí wáyà. Ẹ́ńjìnì 1997, OBD2, mọ́tò 1993, OBD1; OBD ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì, 2 ló tuntun jù. Irin bá ara wọn mu pẹ́rẹ́gí, àmọ́ orí wáyà àtánétọ̀ àti ti dìsìtíríbútọ̀ ò bá ara wọn mu rárá, mo kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pẹ̀lú orí méjì lọ́wọ́ ni, mò ń wò wọ́n. Ìbá ti rọrùn tí mo bá wá ti 1994 tàbí 1995. Mo padà lọ bá ẹni tó ta ẹ́ńjìnì, a gé orí wáyà lára Integra ẹ̀, mo so ó mọ́ tèmi, mo wá bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, P75 tó jẹ́ ti Integra àwọn ọdún yẹn, ó wọ ibi tí P06 tó bá Civic wá ti jáde láìṣe wàhálà. Bẹ́líìtì táímìn àti páǹpù omi, mo ti pààrọ̀ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nílẹ̀, torí tí bẹ́líìtì yẹn bá já nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, fáfù àti písítìnì á gbá ara wọn. Bíréèkì Integra náà ń bọ̀ lára ẹ̀ o, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì jẹ́ díróòmù, mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ó ta ní ìgbà kẹta tí mo yí kọ́kọ́rọ́. Lọ́sẹ̀ kejì bàbá pè mí, wọ́n kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

"Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì yẹn ńkọ́? Ṣó o ti tún un ṣe?"

Mo wo igun gàráàjì, ibi tí mo fi tapólì bò ó sí. Mo ní bàbá, ó wà níbí sà, ó ń sinmi.

"Mo sọ fún ẹ," ni wọ́n wí, "ẹ́ńjìnì gidi ni."